Ìwà ayàwòrán manga nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún 3 rèé tí mo ti ń ya manga, ìyẹn ìtàn alàwòrán bí àwọn ará Japan ṣe ń yà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kó ojú ewé 22 lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ó rọra ṣí i wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó wá ní, "Ọwọ́ rẹ já fáfá, àmọ́ mi ò rí ẹ nínú rẹ̀. Akira Toriyama ni mò ń rí." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé kò parọ́, torí inú Dragon Ball, manga tí Toriyama yà, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya irun, iṣan àti ẹ̀ṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ibo gan-an ni ìwà ènìyàn ń gbà wọ inú manga? Ṣé kí n ya akọni tó jọ mí ni, tó ń sọ èrò ọkàn mi? Àbí ọ̀nà mìíràn wà? Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú mú ayàwòrán kan tó mọ̀ dunjú, kó sì fi ibi tí ìwà ẹni yẹn ti yọjú hàn mí.

Ọmọ_Àgbẹ̀

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ fẹ́ràn rẹ.

Hiromu Arakawa ni tèmi, torí pé oko ni wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà. Ọdún 1973 ni wọ́n bí i ní Hokkaido, lápá àríwá Japan, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń sin màlúù fún wàrà. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọdún 7 gbáko ló tún fi ṣiṣẹ́ nínú oko náà kó tó kọrí sí Tokyo ní 1999. Bí ó bá fẹ́ ya ara rẹ̀ sínú ìwé, màlúù tó fi ìgò sójú ló máa ń yà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka Fullmetal Alchemist, manga rẹ̀ kan, sí ìtàn idán àti ogun. Ìwọ wo òfin tó gbé ìtàn náà ró ná: kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ lè tẹ̀ àfi kí o fi ohun tó bá a dọ́gba lélẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò fẹ́ jí ìyá wọn dìde. Ẹ̀gbọ́n pàdánù ẹsẹ̀, àbúrò pàdánù gbogbo ara, ẹ̀gbọ́n tún fi apá lélẹ̀ kó tó rí ẹ̀mí àbúrò rẹ̀ gbà padà. Ìyá wọn ò sì jí. Ní oko tiwọn ní Hokkaido, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré ni òfin bẹ́ẹ̀ máa ń wá sí lọ́kàn. Ọmọ ìgboro ì bá ti ní kí àánú tàbí ìfẹ́ ṣẹ́gun níbẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni Silver Spoon, tó yà láti 2011 di 2019. Ọmọ ìlú ńlá kan lọ kàwé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó rí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan tó kéré láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó fún un lórúkọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kó má fún un lórúkọ, ó kọ̀, ó wá sọ ọ́ ní Butadon, ìyẹn orúkọ oúnjẹ tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lé orí ìrẹsì. Ó bọ́ ọ, ó sanra. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ọmọkùnrin yìí fi owó tó fi òógùn ara rẹ̀ wá ra gbogbo ẹran náà, ó sì yan án pẹ̀lú èéfín fúnra rẹ̀.

Ẹni tí kò sin ẹran rí ì bá ti gba ẹlẹ́dẹ̀ yẹn sílẹ̀ nínú ìtàn. Ì bá wá nǹkan kan ṣe, kó sá wọ igbó, kí olówó kan wá rà á tọ́jú. Arakawa ò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì fi ìyà náà ṣe ìran wò. Ó jẹ́ kí ọmọ náà jẹ ẹran yẹn, kó sì mọ adùn rẹ̀. Mo rántí òbúkọ kan tí bàbá mi tà nígbà tí mo wà ní pírámárì. Mo ti fún un lórúkọ. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi ní táàmù yẹn, ọjọ́ tí mo ka ìwé yìí ni mo tó rí ẹni tó sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ará_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Àgbẹ̀, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ ti jẹ́ kí n rántí Shigeru Mizuki.

Ọdún 1922 ni wọ́n bí i, ìlú Sakaiminato létí òkun ló sì ti dàgbà. Ìyá àgbà kan wà tó máa ń wá sílé wọn, NonNonBa ni wọ́n ń pè é, òun ló sọ ìtàn àwọn yōkai fún un. Àwa tí wọ́n pàlọ́ ìwin àti ànjọ̀nnú fún lálẹ́ ò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ yōkai ká tó lóye. Nígbà tí ogun dé, wọ́n kó o lọ sí Rabaul, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Papua New Guinea lónìí. Ibà ń ṣe é lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ǹbù já lu ibùdó wọn, apá òsì rẹ̀ sì lọ sí i. Apá kan ṣoṣo ló fi ya gbogbo iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo Kitarō, ọmọ inú ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù. Ojú kan ló ní. Bàbá rẹ̀ ti kú, ara rẹ̀ ti jẹrà, àfi ẹyin ojú kan tó kọ̀ tí kò kú, tó yọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wínníwínní, tó sì ń bá ọmọ rẹ̀ rìn káàkiri. Ohun tó ṣẹ́ kù lára ènìyàn lẹ́yìn ìparun ló ń tọ́jú ọmọ níbẹ̀. Mi ò rò pé ẹni tí gbogbo ara rẹ̀ pé, tí kò tíì rí ogun, á ro irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ Ọmọ_Mọ́kọ́lá, ibi tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa kọ́ nìyẹn. Wo bó ṣe pín agbára ọwọ́ rẹ̀. Igi, ewé, òkúta, ògiri tó ti ń ya, ó máa ń fi àìmọye ẹ̀kán yíńkì yà wọ́n, wọn a sì dà bí fọ́tò. Àwọn ènìyàn tó wà láàárín wọn wá jẹ́ ìlà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, imú róbótó, ẹnu gbàgà. Ayé wúwo, ènìyàn fúyẹ́. Ní 1973 ó ya ìwé kan nípa àwọn ọmọ ogun Japan tí wọ́n ní kí wọ́n lọ kú nítorí ọlá, ní erékùṣù tóun náà ti jagun. Ó ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Kò sí akíkanjú kankan níbẹ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ń rò, àwọn ọ̀gá ń gbá wọn létí láràárọ̀, àìsàn ń mú wọn. Ìlà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kan náà ló fi yà wọ́n jálẹ̀ ìwé. Ìgbà tí wọ́n kú tán ló tó ya òkú wọn pẹ̀lú ọwọ́ tó fi ń ya igi àti òkúta. Mo dé ojú ewé yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mo sì kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀.

Ó fẹ́ràn oorun púpọ̀. Ó ya ìtàn kékeré kan nípa bí Osamu Tezuka àti Shotaro Ishinomori, ayàwòrán manga bíi tirẹ̀, ṣe ń fi àìsùn yangàn níwájú rẹ̀. Ẹni ọdún 60 ni àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n kú. Òun lo ọdún 93.

Iṣẹ́_Alẹ́

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ sì ti dárúkọ Tezuka, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ó kọ́ṣẹ́ dókítà yege kó tó fi gbogbo ara rẹ̀ fún àwòrán. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn kòkòrò, débi pé ó fi àmì ìkọ̀wé tó túmọ̀ sí kòkòrò kún orúkọ rẹ̀. Ní 1973 ló bẹ̀rẹ̀ Black Jack, ìtàn oníṣẹ́ abẹ tí kò ní ìwé àṣẹ. Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ẹni tó mọ ilé ìwòsàn ló yà á ni ìtàn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ tó ń kú lọ. Black Jack ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sí àṣìṣe kankan, síbẹ̀ bàbá náà kú. Lẹ́yìn náà ló wá dà bíi pé ọ̀gá náà dúró tì í, tó ń bi í bóyá kì í ṣe ìgbéraga ni kí ọmọ aráyé máa fẹ́ pinnu ìyè àti ikú. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí mọ òru tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń wá.

Nǹkan kan tún wà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le jù nínú ìtàn Tezuka, ẹ máa rí nǹkan kékeré kan tó dà bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ lábùlẹ̀ káàkiri ara, á kàn já wọ inú àpótí àwòrán láìnídìí. Hyōtantsugi ni wọ́n ń pè é, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ ya irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ó dun àwọn òǹkàwé kan pé ó ń ba ẹkún wọn jẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni mo ti mọ irú ẹni tó jẹ́ jù. Mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ò lè gbé ìbànújẹ́ kọjá ìwọ̀n kan láìrẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe pé wọn ò láàánú.

Onígègé

Ọmọ_Mọ́kọ́lá, ìwọ gan-an ni mo wá bá, torí Toriyama tí o ń dà kọ yẹn.

Ṣé o mọ ìdí tí irun Goku, akọni Dragon Ball, fi funfun lórí pépà nígbà tó di Super Saiyan, ìyẹn ìgbà tí agbára rẹ̀ ga sí i? Toriyama sọ ọ́ fúnra rẹ̀: àkókò tí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń lò láti fi yíńkì dúdú kun orí náà ti pọ̀ jù, ó fẹ́ dín in kù. O tún rí i pé bí ìjà bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fò lọ sí aṣálẹ̀ àti òkúta, tàbí kí ìlú tètè di eérú. Yíya ilé kan lẹ́yìn òmíràn ń sú u. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń ya ìtàn yẹn láti 1984 títí di 1995, kò sì fẹ́ràn kó kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jọ.

Wá wo ibi tí kì í ti í sú u. Ọ̀kadà, ọkọ̀ òfuurufú, róbọ́ọ̀tì, táǹkì ogun, ẹ̀rọ tó ní páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀tì ẹyọ kan kì í fò ó. Ara rẹ̀ ya gágá sí mímọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń fi rọ́bà tò, ó sì hàn, torí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ló dà bí èyí tó lè ṣiṣẹ́ bí o bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Goku náà, kì í ṣe olùgbàlà. Ọkùnrin tó kàn fẹ́ bá ẹni tó lágbára jù ú lọ jà ni, Toriyama sì ti tẹnu mọ́ ọn pé òun ò ní i lọ́kàn bí ẹni rere tó ń jà fún òdodo. Ìwà ẹni tó ń ṣe ohun tó wù ú, tí kò sì fẹ́ wàásù fún ẹnikẹ́ni, ló wà níbẹ̀.

Irun tí o ń yà yẹn, ọ̀nà àbáyọ Toriyama nínú wàhálà tirẹ̀ ni. O gba ọ̀nà àbáyọ náà, o ò sì ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Lọ kó ojú ewé 22 yẹn sílẹ̀. Fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí ibi tí o ti ṣe kíákíá nítorí pé ó ti sú ọ. Fi búlúù sàmì sí ibi tí o pẹ́ sí láìsí ẹni tó rán ọ níṣẹ́. Padà wá sọ ohun tí o rí fún wa.

Má sì gbàgbé pé ẹni kan kọ́ ló ń dá manga ṣe. Olóòtú Toriyama, Kazuhiko Torishima, dá iṣẹ́ padà fún un láìmọye ìgbà. Toriyama fi í ṣe ọ̀tá inú Dr. Slump, manga rẹ̀ mìíràn, ó yí orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn di Mashirito. Ẹ̀gbọ́n tó bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn, iṣẹ́ olóòtú ló ṣe fún ọ.

Olùkọ́_Àwòrán

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo fẹ́ kìlọ̀ díẹ̀, kí àbúrò wa má bàa rò pé bí ìtàn bá ṣe rí ni oníṣẹ́ ṣe rí.

Junji Ito ń ya ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lè dá lọ sí ilé ìgbẹ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ tó tún ń hù padà, ìlú tí ìlà yíyípo ń yí lórí. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni nínú gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mo wò. Ó ya ìwé odindi nípa ológbò rẹ̀ méjì, Yon àti Mu. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ wò: òjìji dúdú kan náà, ojú ràkọ̀rakọ kan náà tó fi ń ya òkú tó ń rìn, ló fi ya ológbò tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó lè tẹjú mọ́ nǹkan kékeré kan títí tí á fi di àjèjì sí i. Iṣẹ́ ṣíṣe eyín àtọwọ́dá ló ń ṣe kó tó di ayàwòrán, èmi sì gbà pé ọwọ́ tó ń gbẹ́ eyín lọ́kọ̀ọ̀kan ni mò ń rí nínú àwọn ìlà tín-ín-rín yẹn.

Ará_Peckham

Olùkọ́, mo gba tiyín, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ débi pé ìtàn ò sọ nǹkan kan. Keiji Nakazawa ńkọ́? Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1945. Ògiri ilé ẹ̀kọ́ ló dáàbò bò ó. Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi fẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú ní 1966, wọ́n sun ún gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí eegun kankan kó nínú eérú. Ó ní bọ́ǹbù yẹn ti jẹ eegun ìyá òun tán. Láti ìgbà náà ni ìbínú ti mú kálámù. Barefoot Gen tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ìdílé tirẹ̀ ni.

Olùkọ́_Àwòrán

Òótọ́ lẹ sọ, mi ò lè jiyàn tìyẹn. Ẹ sì wò ó, ọmọ inú ìtàn náà ṣì ń kọrin, ó ń bú èébú, ó ń ja ìjà ìgboro láàárín gbogbo òkú wọ̀nyẹn. Ẹlòmíràn á ti jẹ́ kó máa sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ 4 ni mi ò fi kọ nǹkan kan síbí, iṣẹ́ tí Onígègé rán mi ni mò ń ṣe.

Pupa ló kún gbogbo rẹ̀. Gbogbo ìjà ni mo sáré yà. Àwọn ojú akọni mi, mo sáré yà wọ́n pẹ̀lú. Ibi tí búlúù wà kò ju mẹ́ta lọ. Ní ojú ewé 9, ọkọ̀ akérò kan jóná sẹ́bàá ọ̀nà, mo sì rántí pé ọjọ́ méjì ni mo fi ya táyà rẹ̀. Ẹ̀yìn táyà, ibi tó ti jẹ, ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí. Ní ojú ewé 14, táyà tún ni, wọ́n tò ó léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní 20, ọwọ́ ọkùnrin kan tó di irin mú.

Fọkanáísà ni bàbá mi. Abẹ́ igi kan létí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá láti kékeré. Kò tíì wá sí mi lọ́kàn rí pé ènìyàn lè fi ìyẹn ya manga.

Ọmọ_Àgbẹ̀

Mo dìde lórí àga nígbà tí mo ka èyí. Àbúrò, àwọn wo ló ń jókòó dúró de bàbá yín nígbà tó bá ń lẹ táyà? Kí ni wọ́n máa ń sọ? Ẹni tó ń yára àti ẹni tí kò níbi tó ń lọ, ṣé bákan náà ni wọ́n ń jókòó?

Onígègé

Má fi akọni kankan sí i o. Má tíì wá ọ̀tá. Ya bàbá rẹ lẹ́nu iṣẹ́ fún ojú ewé méjì péré, láti ìgbà tí ọkọ̀ bá yà sílẹ̀ títí tó fi lọ.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Mo ti yà á. Ojú ewé kìíní ti parí. Obìnrin kan ló gbé ọkọ̀ wá, ó ń wo aago lemọ́lemọ́, bàbá mi ò sì yára ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Àgbẹ̀, ìbéèrè yín ló jẹ́ kí n rántí pé àwọn tó ń yára kì í jókòó rárá, ìdúró ni wọ́n máa ń wà.

Ojú ewé kejì ló dí mi lọ́wọ́. Bàbá mi á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú túùbù, á rì í bọ inú báàfù omi dúdú, á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi rí ibi tó ti ń hó. Kì í sọ̀rọ̀ ní àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí àpótí àwòrán yẹn gba ìdajì ojú ewé. Àmọ́ bí mo bá fi yíńkì ya hóró omi náà, ó ń dà bí òkúta wẹ́wẹ́. Ta ló lè ràn mí lọ́wọ́?

Olùkọ́_Àwòrán

Má ya hóró omi náà rárá. Fi pẹ́ńsù yí i po fẹ́ẹ́rẹ́, kí o wá fi yíńkì kun omi dúdú tó wà láyìíká rẹ̀, kí pépà funfun fúnra rẹ̀ jẹ́ hóró náà. Jẹ́ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ kéré, kí wọ́n máa tóbi bí wọ́n ṣe ń gòkè. Bí o bá ti pa pẹ́ńsù rẹ́ tán, fọ́tò rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ síbí kó tó di pé o fi han ẹ̀gbọ́n yẹn.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ó ti ń dà bí omi, mà. Mo fẹ́ lọ wo báàfù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ ọ̀la kí n tó kun èyí tó kù.